Ta Ló Ya Alagbon Close? Ìtàn Iṣẹ́ Graphics ní Mainland, àti Ọ̀rọ̀ Kàlẹ́ńdà Wa

  

Ọ̀rọ̀ kan ló bí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ìpàdé ẹ̀ka Èkó tó kọjá, wọ́n gbé ìnáwó kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ síwájú ilé. Owó ìwé, ilé fọwọ́ sí i. Owó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ilé fọwọ́ sí i. Owó ọkọ̀ tó máa kó o délé, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ó wá ku owó ọmọ wa tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, tó to àwòrán Kábíyèsí, ti àwọn olóyè àti ti àwọn alága ẹ̀ka gbogbo, tó ń tún orúkọ kọ lóru nítorí pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Bàbá wa kan ní, “Ó kàn tẹ kọ̀ǹpútà ni. Ṣé ìyẹn náà ń gbowó?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀.

Mi ò dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Àmọ́ nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe láti bá ẹnikẹ́ni jà, bí kò ṣe láti sọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá, pàápàá jù lọ ní àdúgbò tí àwa fúnra wa ń gbé. Torí Yaba, Surulere àti Mushin tí ẹ̀ ń wò yìí, ìtàn iṣẹ́ yìí wà nínú ilẹ̀ wọn.

Mainland tí wọ́n bí wa sí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Láàárín 1924 sí 1930, àrùn kan tí eku ń gbé kiri pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó. Ìjọba òyìnbó wò ó pé Ìsàlẹ̀ Èkó ti fún jù, ilé ń gun ara wọn. Ní 1928 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB, pé kó máa tún Èkó ṣe. Àjọ yẹn ló wó ilé lórí erékùṣù, tó sì la ìgboro tuntun sí Yaba, pẹ̀lú òpópónà tó tọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi rúlà fà á.

Láti 1955 lọ, ọ̀rọ̀ tún di wíwó ilé. Àjọ yẹn náà wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wó ilé wọn lọ sí Surulere. New Lagos ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan sunkún, torí pé wọ́n jìnnà sí ọjà àti sí ará ilé wọn. Àwọn kan dúpẹ́, torí omi àti àyè wà. Mushin ní tiẹ̀, kò tilẹ̀ sí lábẹ́ Èkó láyé ìgbà yẹn. Abẹ́ Western Region ló wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ilé ibẹ̀ rọrùn ju ti erékùṣù lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ilé wá ṣiṣẹ́ ṣe sọ ẹrù wọn síbẹ̀. Àwọn bàbá wa náà wà nínú wọn.

Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Bàbá ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba, ìyá ń tajà ní Ojúwòyè. Ìrètí wọn ni pé kí ọmọ di dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Bí ọmọ bá wá ń fi pẹ́ńsù ya agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹgba ló máa jẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ kan ń bẹ nínú ohun tó ń ṣe yẹn.

Iṣẹ́ náà ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà

Àwọn kan rò pé kọ̀ǹpútà ló gbé graphics dé. Rárá o. Ilẹ̀ wa ti mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé tipẹ́. Ní 1859 ni Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, èdè Yorùbá ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń to lẹ́tà ìwé ìròyìn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wo ibi tí àkọlé máa wà àti ibi tí ọ̀rọ̀ máa pin sí, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lónìí ló ń ṣe. Irinṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ní 1937, Nnamdi Azikiwe dá West African Pilot sílẹ̀. Yaba níbí ni ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ wà, ní Commercial Avenue. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan wà níbẹ̀, Akinọla Laṣekan, tí wọ́n bí ní 1916. Òun ló ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn náà, ó sì máa ń fọwọ́ sí i ní “Lash”. Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìwé kà, àwòrán Lash ló ń sọ fún wọn ohun tí òyìnbó ń fi wọ́n ṣe. Àgbàlagbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B á wo àwòrán yẹn, á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ṣé ẹ rí i? Àwòrán wà nínú ohun tí wọ́n fi ja ìjà òmìnira.

Ṣáájú Laṣekan, Aina Onabolu ti wà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Òun ló ń pariwo sétí ìjọba pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí àwọn òyìnbó kan gbà pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya àwòrán tó jọ èèyàn gidi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á, ó sì kó ìtìjú bá wọn.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ dé. Wọ́n dá Yaba College of Technology sílẹ̀ ní 1947, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Yabatech. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni wọ́n sọ ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀? Art and Printing. Wọ́n so ọnà pọ̀ mọ́ ìtẹ̀wé, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń yà á àti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tó kú ní 2021, ló ṣe olórí ẹ̀ka yẹn fún ohun tó lé ní ọdún 25. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó fún ilé ẹ̀kọ́ yìí. Tó bá jẹ́ pé eré ọmọdé ni iṣẹ́ yìí, ṣé ìjọba á kọ́ ilé fún un?

Ọmọkùnrin tó ya Bruce Lee

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ fi ìbéèrè sí orí ìtàn yìí. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ra rẹ́kọ́ọ̀dù Fela láyé ìgbà yẹn, ẹ rántí pé àwòrán iwájú rẹ̀ kì í ṣe àwòrán lásán. Lemi Ghariokwu ló ń ya ọ̀pọ̀ nínú wọn.

1955 ni wọ́n bí Lemi, Èkó ló sì dàgbà sí. Kò lọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà kankan. Ó fi ojú àti ọwọ́ kọ́ ara rẹ̀. Ó máa ń mú rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn olórin, á jókòó tì í, á tún ti iwájú rẹ̀ yà ní ọ̀nà tiẹ̀, bí ọmọ iléèwé ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí tíṣà kankan tó fún un ní iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, ó ya Bruce Lee. Ẹ ẹ́ rántí pé ní 1973 ni sinimá Enter the Dragon jáde, gbogbo ọmọkùnrin Èkó ló sì ń ju ẹsẹ̀ sókè nígbà náà. Wọ́n gbé àwòrán yẹn kọ́ sí ilé ọtí kan ládùúgbò rẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Babatunde Harrison, wọlé wá mutí, ó gbójú sókè, ó rí i. Ó béèrè pé ta ló yà á. Wọ́n ní ọmọ àdúgbò yìí ni. Harrison wá a lọ, ó fún un ní fọ́tò Fela pé kó yà á wò. Nígbà tó yà á tán, Harrison mú un lọ sọ́dọ̀ Fela.

Fela wo àwòrán náà, ẹnu yà á. Ó kọ ìwé ṣẹ́ẹ̀kì 120 náírà fún un. Owó ńlá ni nígbà náà o. Ọmọ ọdún 18 ni Lemi. Lemi ò gbà á. Ó ní ẹ̀bùn ni òun fi ṣe, láti inú ọkàn òun wá. Fela bá mú bébà kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa jẹ́ kí ẹni tó mú ìwé yìí lọ́wọ́ wọlé wòran lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkúgbà tí òun bá ń kọrin.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ lọ́kàn báyìí pé, “Ẹ ò rí i? Òun gan-an ò gbowó!” Ẹ ní sùúrù díẹ̀, a máa padà síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Lemi di ẹni tó ń wọlé jáde nílé Fela ní Agege Motor Road, ní Ìdí-Òro, ní Mushin wa níbí. Á jókòó, á gbọ́ bí Fela ṣe ń sọ̀rọ̀, á ka ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà, á gbọ́ orin kó tó di rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní 1974, ọlọ́pàá kó Fela lọ sí àtìmọ́lé ní Alagbon, ní Ikoyi. Nígbà tó jáde, ó kọ orin Alagbon Close, Lemi ló sì ya iwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ tó yà fún Fela nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá tún rí i: Fela ń jó, ṣéènì ọwọ́ rẹ̀ ti já, ẹja àbùùbùtán sì ń da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá nù sínú omi. Kẹ́ ẹ tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sórí ẹ̀rọ, ẹ ti mọ ẹni tó borí ìjà náà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń ṣe nìyẹn. Ó ń sọ̀rọ̀ kí ẹlẹ́nu tó lanu. Ní 1976, Lemi ya Yellow Fever, tó bá àwọn tó ń bó àwọ̀ wí. Lọ́dún yẹn kan náà ló ya Ikoyi Blindness. Fela ti pa orúkọ rẹ̀ dà láti Ransome sí Anikulapo. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi ìlà fa Ransome lórí àwòrán, wọ́n kọ Anikulapo sórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kéde ìpadàorúkọ fún gbogbo ayé nìyẹn, iwájú rẹ́kọ́ọ̀dù lásán ni wọ́n lò.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 18 February 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fela ní Ìdí-Òro, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Funmilayọ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá yẹn ò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní April 1978. Èyí jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń wéwu. Síbẹ̀ Lemi ò sọ kálàmù sílẹ̀. Ní 1989, nígbà tí Beasts of No Nation jáde, òun ló tún yà á, tó fi ìwo sí orí àwọn olórí ayé bíi Thatcher, Reagan àti Botha.

Iwájú rẹ́kọ́ọ̀dù 26 ló yà fún Fela. Tí wọ́n bá ka ti àwọn olórin mìíràn mọ́ ọn, wọ́n ní ó lé ní 2,000. Ní 2003, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá kan nípa Fela ní New Museum ní New York. Ọmọ tí kò ní sátífíkéètì ọnà kankan o.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́rọ̀ 120 náírà. Òótọ́ ni pé Lemi kò gba owó àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Fela ló kọ́kọ́ kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Fela ò béèrè pé, “Ṣé ìyẹn náà ń gbowó?” Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló yàn láti fi ta á lọ́rẹ. Ẹ̀bùn máa ń jẹ́ ẹ̀bùn nígbà tí ẹni tó fún ọ bá lè sọ pé rárá. Bí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, a ti fipá gbà á nìyẹn. Bákan náà, ẹni tó ya 2,000 iwájú rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ló fi gbogbo ẹ̀ ṣe. Òwò ló fi ṣe, ó sì ti inú rẹ̀ jẹun láti ìgbà èwe títí di àgbà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ṣómólú

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ọmọ wa ń ṣe gan-an, torí ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé kọ̀ǹpútà ló ń dá a ṣe.

Ẹ lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ kan tó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, Kord níbí, GTO lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ Jámánì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà ju èmi lọ. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lò láti tẹ àwòrán: búlúù kan tí wọ́n ń pè ní cyan, pupa kan tí wọ́n ń pè ní magenta, yẹ́lò àti dúdú. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pléètì tiẹ̀. Bébà kan náà ló máa gba gbogbo wọn lára. Bí pléètì kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ojú Kábíyèsí á di méjì.

Fóònù yín kì í lo àwọ̀ wọ̀nyẹn. Iná ni fóònù fi ń ṣe tiẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò lórí WhatsApp fi máa ń rẹ̀ wẹ̀sì tó bá dórí bébà, tí ẹ ó sì máa bínú pé ọmọ náà ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ti yí àwọ̀ náà padà kó tó gbé e lọ. Ó tún ti jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọjá ibi tí ọ̀bẹ máa gé, kí funfun má baà yọ létí. Ó ti wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan bóyá ó tó láti tẹ̀. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí group, WhatsApp ti fún un kéré kó tó dọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò kàlẹ́ńdà ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Ojú yín á mọ́ kedere.

Láyé ìgbà tí Lemi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà orí rẹ́kọ́ọ̀dù. Photoshop jáde ní 1990, CorelDRAW ti ṣáájú rẹ̀ ní 1989. Nígbà tí wọ́n dé Mainland, àwọn ìsọ̀ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní Yaba àti Surulere, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pósítà òkú. Ní 2011, Co-Creation Hub ṣílẹ̀kùn ní Herbert Macaulay Way ní Yaba, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ládùúgbò náà. Ní August 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn ló nílò ẹni tó máa ya lògò wọn àti ojú app wọn. Ọjà ti fẹ̀ o.

Ọmọ tiwa

Mo gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ wa kí n tó kọ èyí, ó sì ní kí n má dárúkọ òun. Ìtìrẹ́ ló dàgbà sí. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń ní kó ya àwòrán kòkòrò àti òdòdó sójú pátákó. Ní 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó sílé tí à ń wo fóònù, ó lọ sí Ṣómólú. Kò sẹ́ni tó sanwó fún un. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ra oúnjẹ fún ọ̀gá, ó ń kó bébà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ bí pléètì ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí iléèwé wọlé, ó ti lè ṣe ìwé ìpè. Nígbà tó yá, ó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Yàrá kan ní Yaba tí òun àti ẹni méjì jọ ń sanwó rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀. Owó iná, owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó epo jẹnẹrétọ̀, òun ló ń san gbogbo ẹ̀.

Àwọn àlejò ń sanwó fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ń san, ilé oúnjẹ ń san. Ilé nìkan ni kì í san. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Àbí àwa la ò jẹ́ kó gbẹ́ ẹ?

Kí n má purọ́, ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ àwa ọ̀dọ́ náà. Àwọn kan nínú wa máa ń jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ń ṣèlérí Friday, kí wọ́n tó dé, ó ti di Friday kejì. Àwọn kan kọ orúkọ oyè láìfi àmì sí i, tí oyè bàbá wa sì di nǹkan mìíràn. Ìyẹn ò dáa. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀gá.

Àsíá àti ọgọ́rùn-ún pọ́ùn

Ìtàn kan ṣoṣo ló kù. Àsíá tí a ń kí ní gbogbo ìpàdé wa, ọmọ Yorùbá ló yà á, Taiwo Akinkunmi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní London nígbà tó rí ìpolówó pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000, tiẹ̀ ni wọ́n mú. Ó fi oòrùn pupa sáàárín funfun, àwọn adájọ́ yọ ọ́ kúrò. Wọ́n fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́ùn. Ní October 1960, wọ́n ta àsíá náà sókè.

Lẹ́yìn náà, orílẹ̀-èdè gbàgbé rẹ̀. Ó ń gbé Ìbàdàn láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ ogbó sì bá a nínú àìní. 2014 ni ìjọba tó fún un ní oyè OFR. Ó kú ní August 2023. Ọdún mélòó ló wà láàárín 1960 sí 2014? Mẹ́rìnléláàádọ́ta. A ń kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, a ò kí òun.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwa. Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa gbé wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ kò ju mẹ́ta lọ.

Àkọ́kọ́, kí owó ẹni tó ń yà á ní ìlà tiẹ̀ nínú ìnáwó kàlẹ́ńdà àti ìwé àpèjẹ, bí owó ìwé àti owó ẹ̀rọ ṣe ní. Bó tilẹ̀ kéré, kó wà níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá fẹ́ fi ta ìlú lọ́rẹ lẹ́yìn tí ẹ ti kà á sí i lọ́wọ́, ìyẹn di ẹ̀bùn, a ó sì jọ pàtẹ́wọ́ fún un.

Èkejì, kí akọ̀wé ti ìwé orúkọ àti oyè pa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àtúnṣe má sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹni tó bá joyè lẹ́yìn ìyẹn, kàlẹ́ńdà ọdún tó tẹ̀ lé e ń dúró dè é.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ kó àwọn ọmọ wa tó ń yàwòrán, tí wọ́n ń jẹgba nítorí rẹ̀ báyìí, lọ sí Ṣómólú àti Yabatech lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fojú rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó lè jẹ́ pé Lemi tiwa wà nínú wọn, tó ń ya nǹkan sẹ́yìn ìwé ìṣirò lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí mo bá ti sọ ohun tó kọjá ẹnu mi, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lórí èyí, kó sọ ọ́ sórí group tàbí kó mú un wá sí ìpàdé. Bàbá wa tó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn, mo kí yín púpọ̀, sà. Ìbéèrè yín ló jẹ́ kí n lọ ka ìtàn.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o. Àṣẹ.

Èmi ni ọmọ yín, Olùdarí Ẹ̀ka Ọ̀dọ́, ẹ̀ka Èkó.